Ike tó jẹ láàárín ọdún mẹ́ta: ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Wrightington láti 1958 sí 1962

Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ oríkèé ìbàdí tàbí ti orúnkún fún kì í pẹ́ kó tó béèrè pé, "Ọdún mélòó ni yóò lò?" Nọ́ọ̀sì ni mí ní wọ́ọ̀dù eegun, ní apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo sì ti gbọ́ ìbéèrè yẹn lẹ́nu àìmọye ènìyàn. Èyí tí mi ò gbàgbé ni ti ọmọ Yorùbá kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Fòníkú-fọ̀ladìde ló ti ń bá a fínra láti kékeré. Ẹ̀jẹ̀ ò dé orí eegun itan rẹ̀ ọ̀tún mọ́, eegun náà kú, ó sì rún wọlé bí èèpo ẹyin. Ó ní, "Aunty, tí mo bá ṣe é báyìí, ọmọ ọdún mélòó ni mo máa jẹ́ nígbà tó bá bàjẹ́?"

Ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún lè má fi bẹ́ẹ̀ nílò ìdáhùn yẹn. Ọmọ yìí nílò rẹ̀. Nígbà tí mo wá ibi tí ìdáhùn náà ti ṣẹ̀, ilé ìwòsàn Wrightington, tí kò jìnnà sí Wigan, ni mo bá a dé, níbi tí nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn ti gba oríkèé tuntun, tí wọ́n rìn, tí wọ́n dúpẹ́, tí oríkèé náà sì bàjẹ́ mọ́ wọn lára. Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí pé àwọn tó ń sọ ìtàn náà sábà máa ń sáré kọjá ibi tó ti dun ènìyàn jù.

John Charnley ni dókítà tó ṣe iṣẹ́ náà. Bury, ní Lancashire, ni wọ́n bí i sí ní 1911, Manchester ló ti kọ́ṣẹ́ ìṣègùn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó ṣe dókítà ológun ní Íjíbítì, ibẹ̀ ló ti ń bá àwọn oníṣẹ́ irin ṣe pọ̀, tí wọ́n jọ ń rọ ohun èlò tí wọ́n fi ń to eegun. Kò fi ìwà yẹn sílẹ̀ títí ó fi kú ní 1982. Ọkùnrin yìí ti ní kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gé eegun ojúgun òun fúnra rẹ̀ rí nítorí ìwádìí, egbò náà kẹ̀, wọ́n tún ní láti ṣe iṣẹ́ abẹ mìíràn kí ó tó jinná. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé yóò tún ṣe irú rẹ̀.

Pípààrọ̀ oríkèé kì í ṣe ohun tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní Berlin, ní 1890, Themistocles Gluck ti fi eyín erin gbẹ́ orúnkún fún aláìsàn. Ní 1938, Philip Wiles fi irin ṣe ìbàdí ní London. Lẹ́yìn ogun, àwọn Judet, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ní Paris, ń gé orí eegun itan tó ti bàjẹ́, wọ́n ń fi orí tí wọ́n fi ike acrylic ṣe rọ́pò rẹ̀. Ìrora á lọ, inú aláìsàn á dùn. Ọ̀kan nínú irú àwọn bẹ́ẹ̀ wá sọ́dọ̀ Charnley. Oríkèé rẹ̀ ń dún. Tó bá ti tẹ̀ síwájú nídìí tábìlì oúnjẹ, yóò ké bí ilẹ̀kùn tí wọn ò ta òróró sí, débi pé ìyàwó rẹ̀ ò fẹ́ wà níbi tó bá wà.

Ohun tí Charnley gbọ́ nínú igbe yẹn ni pé orí ike náà ń ha eegun, kò yọ̀ lórí rẹ̀. Tó bá ń ha báyìí nígbàkígbà tí onítọ̀hún bá gbẹ́sẹ̀, yóò máa mi ìdí ara rẹ̀ títí tí yóò fi tú kúrò nínú eegun tí wọ́n ki í sí. Ló bá lọ wọn bí oríkèé tí Ọlọ́run dá ṣe ń yọ̀. Ó rí i pé ẹran dídán tó bo orí eegun fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ̀ bíi yìnyín, kò sì sí irin tàbí ike tí àwọn dókítà ń lò nígbà náà tó sún mọ́ ọn. Ó ní kò sí ohun tí èèyàn lè dà sínú oríkèé àtọwọ́dá bí òróró tí yóò dúró pẹ́. Ohun tí wọ́n bá fi ṣe é gan-an ló gbọ́dọ̀ máa yọ̀ fúnra rẹ̀.

Ibẹ̀ ló ti mú Teflon, ike tí wọ́n fi ń bo inú páànù kí ẹyin má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Nínú gbogbo ohun líle tí wọ́n mọ̀ nígbà náà, agbára káká ni èyí tó yọ̀ jù ú lọ fi lè wà. Ó kọ́kọ́ gbìyànjú láti fi ṣe awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí yóò bo ihò ìbàdí àti orí eegun itan. Orí eegun náà kú lábẹ́ rẹ̀. Ó wá yí ọ̀nà padà: ó gé orí eegun náà sọnù, ó fi irin tí kì í dípẹtà rọ́pò rẹ̀, ó sì fi Teflon ṣe ihò tí irin náà yóò máa yí nínú rẹ̀.

Ọgbọ́n méjì ló fi kún un, àwọn méjèèjì ṣì ń ṣiṣẹ́ títí dòní. Èkínní ni orí kékeré. Orí irin tí àwọn ènìyàn ń lò fẹ̀ ju mílímítà 40 lọ, bí orí eegun gidi. Charnley dín in kù títí ó fi dé 22.225, ìyẹn ìdá méje nínú mẹ́jọ íńṣì kan. Ẹni tó bá ń ro àmàlà yóò tètè mọ ìdí rẹ̀: bí orógùn bá ṣe fẹ̀ tó ni ìkòkò ṣe ń fẹ́ bá a yí tó, tí a fi ń wá ohun tí a ó fi dì í mú. Orógùn tín-ín-rín á yí, ìkòkò ò ní mira. Bẹ́ẹ̀ ni orí kékeré ṣe ń yí nínú ihò láìfa ihò náà tu kúrò lára eegun.

Èkejì ni sìmẹ́ǹtì. Dennis Smith, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ìtọ́jú eyín ní Manchester, ló bá a wá acrylic tí àwọn dókítà eyín ń lò. Wọ́n á pò ó bí ìyẹ̀fun, á rọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sínú ihò eegun itan, wọ́n á ki ẹsẹ̀ irin bọ̀ ọ́, á gbóná, á sì le koránkorán. Àwọn kan pè é ní gọ́ọ̀mù, Charnley sì máa ń tún un ṣe fún wọn: iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dí gbogbo àlàfo kí ìwúwo ara lè pín káàkiri eegun, bí amọ̀ tí bíríkìlà fi ń dí àárín búlọ́ọ̀kù.

Bó ṣe ń la ara náà yẹ ní sísọ. Aláìsàn á fẹ̀yìn lélẹ̀. Charnley á gba ẹ̀gbẹ́ itan wọlé, á fi ayùn rẹ́ gọngọ eegun tó yọ síta lókè itan, tí àwọn iṣan ìdí so mọ́, á ká òun àti iṣan rẹ̀ sókè bí ẹni ṣí fèrèsé. Gbogbo oríkèé á wà ní gbangba lójú rẹ̀. Tó bá parí, á fi wáyà de eegun náà padà, nígbà mìíràn síwájú síta ju ibi tó wà tẹ́lẹ̀ lọ, kí iṣan lè ní agbára láti gbé ìbàdí dúró. Wáyà náà máa ń já lára àwọn kan, eegun náà kì í sì í so padà lára àwọn mìíràn. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà òde òní fi ń gba ẹ̀yìn ìbàdí, ẹ̀gbẹ́ tàbí iwájú wọlé láìfi ayùn kan ibẹ̀. Àríyànjiyàn lórí èyí tó dára jù ò tíì tán. Èrò tèmi, láti ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí mo ti ń wò ó, ni pé ọwọ́ tó ti mọ ọ̀nà kan dunjú sàn ju ọ̀nà tuntun lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ.

Láti 1958 ni àwọn aláìsàn ti ń wọlé sí Wrightington, tí ó jẹ́ ilé ìtọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ tẹ́lẹ̀. Àwọn tí làkúrègbé ti dá sórí ibùsùn dìde, wọ́n ń gun àtẹ̀gùn. Ní oṣù Karùn-ún 1961, Charnley kọ ìròyìn iṣẹ́ abẹ tuntun náà sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet. Ká ní ó dúró síbẹ̀, ó ti gba oríyìn.

Fótò eegun (X-ray) ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Nínú fótò ọdún àkọ́kọ́, orí irin wà láàárín ihò gẹ́rẹ́. Nínú ti ọdún kejì, ó ti gòkè. Nígbà tó di ọdún kẹta, ó ti jẹ ihò ike náà wọlé jìnnà. Kò pẹ́ tí ìrora fi padà. Nígbà tí Charnley tún la àwọn ìbàdí náà, ohun funfun tó dì bíi wàràkàṣì ló bá yí oríkèé ká, ó sì ti jẹ eegun tó wà nítòsí.

Ẹni tó bá ti fi olọ tuntun lọ ata rí mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọmọ olọ ń ha ìyá olọ, iyanrìn ń bọ́ sínú ata, ojú kì í tètè rí i, eyín ló máa sọ. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rún Teflon ṣe ń bọ́ ní gbogbo ìṣísẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ẹ̀jẹ̀ á wá gbé e mì bí wọ́n ṣe ń gbé kòkòrò mì, ṣùgbọ́n ike ò ṣe é dà. Wọ́n á wú, wọ́n á kú, wọ́n á tú oró síta, àwọn mìíràn á tún dé, títí tí wọn yóò fi máa jẹ eegun onílé. Orí kékeré tó dára fún sìmẹ́ǹtì tún dá kún un, nítorí pé ibi tóóró kan náà ló ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Yíyọ̀ tí Teflon ń yọ̀ kò dá kó má jẹ. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ọ̀kan ṣoṣo sì ni wọ́n ti yẹ̀ wò dáadáa kí wọ́n tó fi sára ènìyàn.

Ibí yìí ni mo ti máa ń dúró. Nǹkan bí 300 ènìyàn ni. Charnley pè wọ́n padà, ó sì ń tún wọn là fúnra rẹ̀, lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Mo mọ ojú aláìsàn tí wọ́n ń sọ fún pé wọ́n á tún un ṣe. Mo ti di irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ mú. Kò sí ohun tó ṣòroó wí ju kí dókítà wo ẹni tó gbà á gbọ́ lójú kó ní, "Ohun tí mo fi sí ọ lára ni." Ó tún jẹ́wọ́ lójú ayé. Ó mú Teflon tó lọ̀ kúnná, ó fi abẹ́rẹ́ gún un sínú itan ara rẹ̀, ó sì ń fọwọ́ kàn án lóòrèkóòrè. Lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án, kókó ti dìde níbẹ̀, ó tóbi ju ohun tó gbé wọ inú ara lọ. Ó kọ lẹ́tà nípa rẹ̀ sí The Lancet ní 1963, kí ẹlòmíràn má baà gba ọ̀nà ibẹ̀.

Nígbà yẹn, ọ̀nà mìíràn ti là. Harry Craven, oníṣẹ́ ẹ̀rọ tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Wrightington, ti ṣe ẹ̀rọ kan tí ń fi irin ha ike lọ síwá-sẹ́yìn lọ́sàn-án lóru, kí wọ́n lè mọ bó ṣe ń jẹ láìjẹ́ pé ó wà lára ènìyàn. Ní oṣù Karùn-ún 1962, ọlọ́jà kan gbé ike funfun kan wá. Jíà ni wọ́n ń fi ike náà ṣe fún àwọn ẹ̀rọ ìhunṣọ Lancashire. Polyethylene líle ni. Craven mú un lọ han Charnley. Charnley ki èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ ọn, èékánná wọlé, ó ní Craven ń fàkókò ṣòfò, ó sì jáde. Ó rìnrìn àjò lọ sí Copenhagen.

Craven ò sọ ọ́ nù. Ó gbé e sórí ẹ̀rọ, ó tàn án, ó jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ fi dé, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ̀rọ náà ti ń ha á láìsinmi, jíjẹ tí ike yẹn jẹ kò tó èyí tí Teflon ń jẹ láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo. Inú mi máa ń dùn sí ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ẹ̀rọ yẹn. Ọ̀gá ti sọ pé rárá, kò sì bá ọ̀gá jiyàn. Ẹ̀rọ ló fi dá a lóhùn. Inú mi sì tún dùn sí ọ̀gá tó wo ẹ̀rọ náà tó gbà pé òun ṣì í.

Ní oṣù Kọkànlá 1962, wọ́n fi polyethylene sí ìbàdí ènìyàn fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti jóná kì í sáré lọ sídìí iná mọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Charnley ò jẹ́ kí wọ́n ta oríkèé náà fún dókítà tí kò bá tíì wá sí Wrightington wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ilé iṣẹ́ Thackray ní Leeds tó ń rọ ọ́ sì gbà. Ó ń pe àwọn aláìsàn padà fún fótò lọ́dọọdún. Ó sì tún bẹ̀ wọ́n pé, tí wọ́n bá kú, kí ẹbí jẹ́ kí òun yọ oríkèé náà kí òun lè wo bó ṣe jẹ àti bí eegun ṣe rí lábẹ́ sìmẹ́ǹtì. Ọ̀pọ̀ gbà. Mo rò nípa àwọn ẹbí yẹn gan-an, nítorí pé ọ̀rọ̀ òkú kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré níbikíbi.

Ìyọnu kejì ni kí egbò má kẹ̀. Tí kòkòrò bá wọ ìdí irin, oògùn kì í sábà dé ibẹ̀, àfi kí wọ́n yọ gbogbo rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ń tó méje nínú ọgọ́rùn-ún tí ọ̀rọ̀ wọn ń rí bẹ́ẹ̀. Charnley gbà pé afẹ́fẹ́ tíátà ló ń gbé kòkòrò náà bọ̀, láti ara àwa tí a dúró síbẹ̀. Pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Howorth, tó mọ̀ nípa sísẹ́ afẹ́fẹ́, ó kọ́ yàrá kékeré onígíláàsì sínú tíátà, afẹ́fẹ́ sísẹ́ ń sọ̀kalẹ̀ láti òkè, àwọn oníṣẹ́ abẹ sì wọ aṣọ tó ń fa èémí wọn jáde nípasẹ̀ ọ̀pá. Ìkẹ̀ náà lọ sílẹ̀ kọjá ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn mìíràn ò gbà pé afẹ́fẹ́ nìkan ni, títí ìwádìí ńlá kan fi jáde ní 1982 lórí iṣẹ́ abẹ ìbàdí àti orúnkún tó ju 8,000 lọ, tó fi hàn pé afẹ́fẹ́ tí wọ́n sẹ́ mọ́ tónítóní ń dín ìkẹ̀ kù ní ìdajì, ó kéré tán. Nínú tíátà tiwa, a ṣì ń dúró lábẹ́ afẹ́fẹ́ yẹn.

Orúnkún náà ti ibẹ̀ jáde. Frank Gunston, ọmọ Kánádà, wá ṣiṣẹ́ ní Wrightington, ó sì rí i pé ìdí tí orúnkún àtọwọ́dá tó ń ṣí bí ilẹ̀kùn fi ń tú ni pé orúnkún gidi kì í ṣí kó sì pa bí ilẹ̀kùn: ó ń yí, ó sì ń yọ̀ sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 1968, ó fi irin róbótó sí ìsàlẹ̀ eegun itan, ó fi polyethylene sí orí eegun ojúgun, ó fi sìmẹ́ǹtì dè wọ́n. Irin lórí ike, bíi ti ìbàdí.

Mo fẹ́ kí n lè sọ pé gbogbo ayé kọ́gbọ́n. Ní 2010, wọ́n kó oríkèé ìbàdí ASR tí ilé iṣẹ́ DePuy ń ṣe kúrò lọ́jà, irin tó ń yí nínú irin, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi sára nǹkan bí 93,000 ènìyàn. Ẹ̀rún irin ló ń bọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ó ń ba ẹran jẹ́ yí ìbàdí ká. Àwọn tó tètè rí i ni àwọn tó ń kọ orúkọ gbogbo oríkèé tí wọ́n bá fi sára ènìyàn sínú ìwé kan ṣoṣo fún gbogbo orílẹ̀-èdè, irú èyí tó wà ní Sweden láti àwọn ọdún 1970 àti ní Ọsirélíà. Mo gbà tọkàntọkàn pé ibi tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò bá sí, aláìsàn ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́, ìrora ni yóò sì fi mọ̀ ọ́n.

Ìwé wọ̀nyẹn ni mo fi dá ọmọ yẹn lóhùn. Ní 2019, àwọn olùwádìí ní Bristol kó irú wọn jọ, wọ́n rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún oríkèé ìbàdí, bíi 58 ló ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún 25. Ti orúnkún tí wọ́n pààrọ̀ pátá jẹ́ bíi 82. Mo sọ fún un pé àgbàlagbà ló pọ̀ jù nínú wọn, pé ẹni tó ń rìn púpọ̀ ń jẹ oríkèé kíákíá, ṣùgbọ́n pé polyethylene tí wọ́n ń fi ìtànṣán mú le lóde òní kì í jẹ bíi ti àwọn tí ìwé yẹn kà. Mo sọ ti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ náà fún un: pé inú eegun itan àwọn tó ní àìsàn rẹ̀ máa ń dí, tí àwọn dókítà á fi pẹ̀lẹ́ gbẹ́ ọ̀nà fún ẹsẹ̀ irin, pé a ó fún un lẹ́jẹ̀ ṣáájú bó bá yẹ, a ó jẹ́ kó móoru, a ò ní jẹ́ kí omi gbẹ lára rẹ̀, pé egbò rẹ̀ rọrùn láti kẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ, nítorí náà kó má fi ibà kankan pamọ́ fún wa.

Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo wá ní kó máa wá ya fótò ní gbogbo ìgbà tí a bá pè é.

"Tí kò bá dùn mí ńkọ́?"

"Pàápàá tí kò bá dùn ọ́," ni mo wí, mo sì kọ ọjọ́ àkọ́kọ́ sínú káàdì rẹ̀.